Nígbà Tí Ọmọ Ilé-Ìwé Bá Bèèrè Nípa Ìdájọ́ Ikú

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ máa ń sáré kọjá lójú pátákó. Abala 33 ìwé òfin ti ọdún 1999 ni ó wà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn létí: ó ní olúkúlùkù ènìyàn ni ó ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀. Bí ọmọ ilé-ìwé ti ń kọ èyí sílẹ̀ lọ́wọ́ ni yóò bá ìyókù gbólóhùn náà pàdé, níbi tí òfin ti fi kún un pé, àfi bí ilé-ẹjọ́ bá ti dá ẹjọ́ ikú fún un nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó dá. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé yóò nàwọ́ sókè. Yóò ní, “Tíṣà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ènìyàn. Ta ni ó wá fún ìjọba láṣẹ?”

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, olùkọ́ mìíràn a wo aago. Òmíràn a ní kí ọmọ náà jókòó, pé bí òfin ti wí ni òun kà, ìdánwò kò sì ní bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ a sọ kíláàsì di ilé ìwàásù: bí ó bá kórìíra ìjìyà ikú, yóò bú ìjọba títí agogo yóò fi lù, bí adigunjalè bá sì ti dá a lọ́nà rí, yóò ní pípa ni kí a máa pa wọ́n, àwọn ọmọ yóò sì hó yèè. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tí ó dáhùn ìbéèrè ọmọ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlá. Ní ọdún 2021, àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá ẹjọ́ ikú fún nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa ju 3,000 lọ. Ìgbà díẹ̀ ni ìjọba ń pa wọ́n mọ́. Ní ìlú Benin, wọ́n yẹgi fún ènìyàn mẹ́rin ní oṣù kẹfà ọdún 2013, wọ́n sì tún yẹgi fún mẹ́ta ní oṣù kejìlá ọdún 2016. Ìwé òfin fún gómìnà ní agbára láti dárí jì wọ́n tàbí láti sọ ikú di ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gómìnà ni kì í dárí jì, tí kì í sì í fọwọ́ sí ikú. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò jábọ̀ ní ọdún 2004 pé kí a dá ọwọ́ pípa wọ́n dúró ná. Ìjọba gba ìwé náà, wọ́n tò ó jọ pẹ̀lú àwọn ìwé ìyókù. Àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó sí kíláàsì yìí ni yóò di adájọ́, agbẹjọ́rò, wọ́dà, ọlọ́pàá àti gómìnà lọ́la. Òmíràn nínú wọn yóò kàn jẹ́ ẹni tí ń kọjá lọ ní ọjà nígbà tí àwọn èrò bá mú ẹnìkan tí wọ́n ní ó jalè. Èmi kò mọ̀ nínú ọ̀kan tí kò yẹ kí ó ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ọjọ́ náà tó dé.

Èmi náà ní èrò tèmi, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín. Lójú tèmi, ìjọba tí kò lè ka iye ènìyàn inú ìlú rẹ̀ pé, tí fáìlì ń sọnù mọ́ lọ́wọ́ lójoojúmọ́, kò yẹ ní ẹni tí à ń fi okùn lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí olùkọ́ kan gbé èrò yìí lọ sí kíláàsì kí ó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni kọ́ni ní ìsirò. Àwọn baba wa ti wí i pé agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí adájọ́ bá gbọ́ ti ẹnìkan dá ẹjọ́, òṣìkà ni. Olùkọ́ tí ó bá ka ti ẹnìkan sí ọmọ létí, kí ni kí a pè é?

Ẹjọ́ gidi ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí a sì fi ọgbọ́n ìwé sí ẹ̀yìn ná. Èyí tí mo rò pé ó yẹ kí ó ṣáájú ni ti Nasiru Bello, nítorí pé ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín ni ó ti ṣẹlẹ̀, àti nítorí pé kò bẹ ọmọ kan pé kí ó kọ́kọ́ gbà pé ọkùnrin náà kò jẹ̀bi. Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá a lẹ́bi pé ó fi ohun ìjà jalè, ó sì dá ẹjọ́ ikú fún un. Ó ní ìdájọ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó pe ẹjọ́ sí Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí òfin ti fún un láyè. Ẹjọ́ náà wà níbẹ̀, a kò tíì gbọ́ ọ, nígbà tí Agbẹjọ́rò-Àgbà ìpínlẹ̀ náà dá a lábàá fún gómìnà pé kí wọ́n pa á. Gómìnà fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1981, wọ́n pa Nasiru Bello.

Àwọn ẹbí rẹ̀ kò dákẹ́. Wọ́n pe ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́, wọ́n sì tọ ẹjọ́ náà títí ó fi dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní ọdún 1986 ni àwọn adájọ́ níbẹ̀ wí pé ohun tí ìjọba ṣe lòdì sí òfin pátápátá: ẹni tí ó bá ti pe ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè títí a ó fi gbọ́ ọ dópin. Wọ́n ní kí ìjọba san owó fún àwọn tí olóògbé náà ń bọ́.

Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ dákẹ́ níbẹ̀. Kí ó má ṣe sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Kí ó ya ọ̀nà tí ìwé ikú máa ń gbà sójú pátákó: láti ọwọ́ adájọ́ dé ọwọ́ akọ̀wé kóòtù, dé ọ́fíìsì Agbẹjọ́rò-Àgbà, dé orí tábìlì gómìnà, dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní ìdúró kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kan dìde kí ó sọ ohun tí òun ì bá ti bèèrè bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó wà níbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ṣe pàtàkì, ìbéèrè tí akọ̀wé kékeré pàápàá lè bi ọ̀gá rẹ̀: “Ǹjẹ́ ọkùnrin yìí ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?” Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá bi wọ́n nípa owó náà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni wọ́n ṣì rán ọkùnrin kan lọ, a lè ṣí ilẹ̀kùn fún un, kí a sì ka owó sí i lọ́wọ́. Níhìn-ín, ta ni yóò na ọwọ́ gbà á?

Ọmọ kan yóò dìde, bí ìdájọ́ bá dára nínú kíláàsì náà, yóò ní, “Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó jalè lóòótọ́ ńkọ́?” Ìbéèrè rere ni. A kò mọ ohun tí Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ì bá wí, a kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé, nítorí a kì í gbọ́ ẹjọ́ òkú. Kí olùkọ́ wá gbé ẹjọ́ Amina Lawal ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2002, ilé-ẹjọ́ Ṣàríà kan ní Ìpínlẹ̀ Katsina ní kí wọ́n sọ obìnrin yìí lókùúta pa nítorí àgbèrè. Òun náà pe ẹjọ́. Ní ọdún 2003, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà ní Katsina fagi lé ìdájọ́ náà, ó sì lọ sílé. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, ìdájọ́ ikú kan náà ni. A dúró gbọ́ ti ẹnìkan, a kò dúró gbọ́ ti ẹnìkejì.

Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rí ibi tí adájọ́ fúnra rẹ̀ ti ṣìnà, kí ó mú wọn lọ sí London. Ní ọdún 1950 ni wọ́n yẹgi fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Timothy Evans, pé ó pa ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Ẹni tí ó jẹ́rìí takò ó jùlọ ni John Christie, tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni a hú òkú àwọn obìnrin jáde nínú ilé yẹn, Christie sì jẹ́wọ́ pé òun ni òun pa ìyàwó Evans pàápàá. Wọ́n yẹgi fún òun náà ní 1953. Ní ọdún 1966 ni ìjọba dárí ji Evans, nígbà tí ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nínú ilẹ̀. Ẹjọ́ yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ará ìlú náà máa bi ara wọn léèrè, títí ilé aṣòfin wọn fi fi yíyẹgi fún apànìyàn sílẹ̀ ní 1965.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ti ṣọ́ra, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ilẹ̀ baba yín. Àwọn kan yóò ní, “Òyìnbó ti fi í sílẹ̀, kí àwa náà fi í sílẹ̀.” Èyí kì í ṣe ìdí. Àwọn mìíràn yóò ní, “Àṣà òyìnbó ni kí a máa ṣàánú ọ̀daràn, àwọn ọba wa a máa pa wọ́n.” Òtítọ́ ni pé Aláàfin ní àwọn Tẹ̀tù rẹ̀, tí wọ́n máa ń bẹ́ orí ẹni tí ọba bá fi lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin tí adájọ́ fi ń dá ẹjọ́ ikú fún apànìyàn ní gúúsù ilẹ̀ wa lónìí kò ti ààfin Ọ̀yọ́ wá. Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n ti kọ irú rẹ̀ ní 1899. Àwọn aláṣẹ òyìnbó gbé e dé òkè ọya ní 1904, wọ́n sì fi bo gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ pa ìjìyà ikú mọ́ nítorí àṣà ìbílẹ̀, ẹ ní kí ó lọ wádìí ìbílẹ̀ ta ni.

Ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ti ń kà tipẹ́tipẹ́, tí ó sì wúlò níhìn-ín ju ìwé òfin lọ: eré oníṣe tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó jáde ní 1970. Gbogbo ọmọ tí ó bá kà á ni ó mọ̀ pé Ìyálóde Ìbàdàn yìí pàdánù ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ìbànújẹ́ náà sì mú un ṣe òfin pé ẹrúbìnrin rẹ̀ tí ó bá lóyún, kíkú ni yóò kú. Adétutù lóyún. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Kò sí kíláàsì tí èyí kì í ti í dun àwọn ọmọ. Kí olùkọ́ wá bèèrè lọ́wọ́ wọn, láì gbé ohùn sókè: kí ni Ẹfúnṣetán ṣe tí ó lòdì sí òfin? Òun ni ó ni ilé, òun ni ó ni ẹrú, ó ti kéde òfin rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Adétutù sì gbọ́. Kíláàsì yóò dàrú. Ọmọ kan yóò wí pé òfin náà fúnra rẹ̀ ni ó burú. Òmíràn yóò ní kò sí ẹni tí ó gba ẹnu Adétutù sọ̀rọ̀ kí a tó pa á. Ohun tí ó gba àwọn amòfin ní ọ̀pọ̀ ọdún láti yanjú ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sọ yẹn, pé ohun tí ó bá òfin mu lè máà bá òdodo mu.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbọ́ ti ọdún 1985. Ìjọba ológun ti gbé òfin kan jáde ní 1984 pé ẹni tí ó bá ń ṣòwò oògùn olóró yóò kú, wọ́n sì fi òfin náà mú ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí a tó kọ ọ́. Ní oṣù kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa Bartholomew Owoh, Bernard Ogedengbe àti Lawal Ojuolape. Ní ọjọ́ tí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ tí a kà sí wọn lọ́rùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ikú. Ní 1986, ìjọba ológun tí ó tẹ̀lé e yọ ìjìyà ikú kúrò lórí ẹ̀ṣẹ̀ náà. Adétutù pàápàá gbọ́ òfin kí ó tó lóyún.

Ní ti pé bóyá ìjìyà ikú ń dẹ́rù ba ọ̀daràn, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí ariwo ni ó pọ̀ níbẹ̀ ju òye lọ. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní 1970, ìjọba sọ pé adigunjalè yóò máa kú. Ní 1971, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n mọ́ òpó ní etí òkun Bar Beach ní Èkó, wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n lójú ọ̀pọ̀ èrò. Ishola Oyenusi wà lára àwọn tí wọ́n pa ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, Lawrence Anini àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń da ìlú Benin rú. Olùkọ́ tí ó bá ní èyí fi hàn pé ìbọn Bar Beach kò wúlò ti yára jù, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ iye olè tí ì bá wà bí kò bá sí ìbọn náà. Ẹni tí ó bá sì ní ó wúlò kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé gbogbo ìwádìí tí a ti ṣe lórí èyí yẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí ìkankan tí a lè fi sọ pé ìjìyà ikú ń dín ìpànìyàn kù, tàbí pé ó ń fi kún un, tàbí pé kò ṣe nǹkan kan. Ó dára kí ọmọ mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé náà a máa wí pé àwọn kò mọ̀.

Kí a má sì ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé gbogbo ilé-ẹjọ́ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ó fohùn ṣọ̀kan. Ní 1995, àwọn adájọ́ mọ́kànlá tí ń gbọ́ ẹjọ́ ìwé òfin ní Gúúsù Áfíríkà sọ pé ìjìyà ikú lòdì sí ìwé òfin wọn, olúkúlùkù wọn sì kọ ìdí tirẹ̀. Ní 1998, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tiwa sọ nínú ẹjọ́ Onuoha Kalu pé kò lòdì sí ìwé òfin tiwa, nítorí pé ìwé òfin náà fúnra rẹ̀ fi ààyè sílẹ̀ fún un. Àwọn aládùúgbò wa sì ti ń yí padà: Tógò fi í sílẹ̀ ní 2009, Siẹrá Líónì ní 2021, Gánà sì yọ ọ́ kúrò lórí ìpànìyàn ní 2023. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ilé-ẹjọ́ ìwé òfin wọn pa á rẹ́ ní 2016. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún Yorùbá. Ìmẹ̀kọ wà ní ìhà Nàìjíríà, Kétu wà ní ìhà Benin. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ìrìn wákàtí díẹ̀ ni. Bí àbúrò bá pànìyàn ní Ìmẹ̀kọ, adájọ́ lè ní kí a yẹgi fún un. Bí ẹ̀gbọ́n bá pànìyàn ní Kétu, kò sí adájọ́ tí ó lè wí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yóò wọlé, kí olùkọ́ má bẹ̀rù rẹ̀. Onígbàgbọ́ yóò tọ́ka sí ìwé Jẹ́nẹ́sísì pé ẹni tí ó bá ta ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀ ni a ó ta ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rán an létí obìnrin tí wọ́n mú wá sọ́dọ̀ Jésù. Mùsùlùmí yóò sọ ti ẹ̀san nínú Àlùkùránì, bí ó bá sì kàwé dáadáa, yóò fi kún un pé ìwé náà fún ẹbí ẹni tí a pa ní àyè láti dárí jì, tàbí láti gba owó ẹ̀mí. Kí olùkọ́ jẹ́ kí olúkúlùkù sọ ti ìwé tirẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ti ìwé ẹlòmíràn fún un.

Ohun kan ṣì wà tí ó ń bà mí lẹ́rù ju okùn ìjọba lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, nítòsí Port Harcourt, àwọn èrò mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt, wọ́n ní olè ni wọ́n, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Àwọn tí ó dúró níbẹ̀ ń fi tẹlifóònù ya àwòrán wọn. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta nítorí rẹ̀, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Ọmọ tí ó ti ń wí láti àárọ̀ pé kí a pa gbogbo apànìyàn, bi í bóyá ìdájọ́ yìí tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọmọ tí ó ti ń wí pé kí a má pa ẹnikẹ́ni, bi í ní ohun tí òun yóò wí fún ìyá àwọn mẹ́rin náà. Ìdájọ́ kóòtù lè gba ọdún márùn-ún; ti ojú títì kì í gba wákàtí kan, kò sì ní agbẹjọ́rò.

Kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí rárá, kí ó wo ojú àwọn tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé adigunjalè ni ó pa bàbá ọmọ kan níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bàbá ọmọ mìíràn wà lára àwọn 3,000 náà, tí ọmọ náà sì ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bàbá òun wà ní ìdálẹ̀. Nítorí èyí, kí a má ṣe fi ẹ̀kọ́ yìí ṣeré: kí a má ṣe ní kí ọmọ kan ṣe adájọ́ kí òmíràn ṣe ẹni tí à ń so rọ̀, kí a má sì fi àwòrán òkú hàn wọ́n. Bí ọmọ kan bá dìde jáde, ẹ jẹ́ kí ó lọ, kí olùkọ́ sì wá a rí lẹ́yìn tí agogo bá lù.

Iṣẹ́ tí mo rò pé ó yẹ kí a fún wọn ṣe nílé kò le. Kí olúkúlùkù fi ara rẹ̀ sí ipò gómìnà. Ìwé ikú ẹnìkan wà lórí tábìlì rẹ̀, ẹni náà ti pe ẹjọ́ títí dé òpin, ó sì kùnà. Kí ọmọ náà kọ lẹ́tà méjì, ojú ìwé kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan sí ìyá ẹni tí a pa, ọ̀kan sí ìyá ẹni tí ó pa á, kí ó sọ ohun tí òun ṣe fún àwọn méjèèjì àti ìdí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sọ fún ìyá kan ohun tí kò lè sọ lójú ìyá kejì. Bí olùkọ́ bá ń fún wọn ní máàkì, kí ó má wo ìhà tí ọmọ gbè, kí ó wo bóyá lẹ́tà méjèèjì bá ara wọn mu.